Ọ̀nà Tí Bàbá Àgbà Fẹ́ Gbà

"Linnea, ibo la dé lórí máàpù yẹn?"

Linnea kò gbọ́. Ojú rẹ̀ wà lára fóònù, níbi tí Brynlee ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i. Ìjàpá ni wọ́n yà, ó gbé ilé rù sẹ́yìn, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo Linnea àti bàbá rẹ̀ àgbà o! Kí wọ́n tó dé Rapid City, àwa á ti bímọ, ọmọ wa á ti bímọ."

"Linnea!"

"Ẹ má bínú, Bàbá àgbà. A ti kúrò ní Iowa. South Dakota la wà yìí."

"Ìyẹn dáa," ni bàbá náà wí. Ó ń rọra wa ọkọ̀ lọ bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn dání.

Ọkọ̀ wọn kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ilé ni, ọkọ̀ ni. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà lápá ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí ìyá Linnea ti wà ní kékeré ni bàbá àgbà, Torvald Haugen, àti ìyàwó rẹ̀, Solveig, ti ń gbé e rìnrìn àjò lọ sí ìwọ̀ oòrùn lọ́dọọdún, tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi. Wọn kì í gba títì márosẹ̀. Ọ̀nà tóóró tó gba àárín oko àgbàdo, ọ̀nà tó gba ẹnu ilé àwọn èèyàn, ọ̀nà tí màlúù ti ń dá ọkọ̀ dúró, irú rẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Solveig a máa sọ pé ẹni tí ọlọ́pàá bá ń lé nìkan ló ń fi títì márosẹ̀ najú. Ìgbà òtútù tó kọjá ni ìyá àgbà náà kú.

Wàyí o, Marit, àbíkẹ́yìn wọn, ń ṣe ìgbéyàwó ní Rapid City lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá àgbà ní ọ̀nà tí òun àti Solveig ń gbà náà lòun máa gbà lọ. Ojú rẹ̀ ṣì ń rí igi lókèèrè, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú máàpù ti di eèrà lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìyá Linnea fi ní kí Linnea bá a lọ, kí ó máa ka ọ̀nà fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà sunkún títí. Ìlú kan náà ni àwọn òbí Brynlee ń kó òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ fún ìsinmi, wọ́n sì ti bá a fi àyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè, wọ́n dúró nílé epo kan lẹ́yìn Sioux Falls. Bàbá àgbà wọlé lọ ra kọfí. Fóònù Linnea dún.

"Ìjàpá! Ṣé ẹ ti rìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé yín?" Ohùn Brynlee ni, ẹ̀rín àwọn tó kù sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀ o jàre."

"Gbọ́ ná. Àwa á débẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Ibi tá a máa dé sí, orí òkè lèèyàn ti máa ń yọ̀ bọ́ sínú omi, gbì! Tí ẹ bá gba títì márosẹ̀, o máa bá wa níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀."

"Bàbá àgbà ò ní gbà láéláé."

"Ta ló ń ka máàpù? Ṣé ìwọ kọ́ ni? Sọ fún wọn pé ọ̀nà ti dí. Ta ló máa mọ̀?"

Linnea ní òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Brynlee rẹ́rìn-ín. "Ó dáa nígbà náà, ìyá arúgbó. Bá wa kí àwọn màlúù." Ó sì pa fóònù.

Ẹ̀rín yẹn ló dun Linnea jù. Nígbà tí bàbá àgbà fi máa padà dé pẹ̀lú ife kọfí àti bísíkíìtì tí ó rà fún un, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, àfi kó tú u jáde.

"Bàbá àgbà, ìṣòro kan wà o. Wọ́n ti afárá odò Missouri pa, èyí tó wà lójú ọ̀nà tiwa. Wọ́n ń tún un ṣe."

Bàbá àgbà dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. "Afárá yẹn? Wọ́n tì í pa pátápátá?"

"Pátápátá. Ó wà lórí fóònù mi níbí."

Bàbá àgbà kò wo fóònù náà. Bó tilẹ̀ wò ó, kì bá tí rí i kà. Ó kàn mi orí. "Ó dáa. Ohun tí ojú rẹ bá rí, òun náà lojú mi rí." Ó wọ inú ọkọ̀, ó sì yí i sí títì márosẹ̀.

Ẹyin lohùn. Linnea gbọ́ bí tirẹ̀ ṣe balẹ̀ tó fọ́, ṣùgbọ́n ó ranjú mọ́ fóònù, ó kọ̀wé sí Brynlee pé: "Mò ń bọ̀!"

Títì náà fẹ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ láti ayé dé ọ̀run. Àwọn tírélà ń sáré kọjá, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì ti kọjá, ọkọ̀ onílé náà á gbọ̀n, àwọn àwo inú àpótí á máa kọ lura. Bàbá àgbà di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni tó di ìwo màlúù mú. Kò kọrin mọ́, bẹ́ẹ̀ orin ni ó ti ń kọ láti òwúrọ̀. Kò sí nǹkan tí èèyàn lè wò ju pátákó ìpolówó ọjà àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tó yá, títì náà gun afárá kan. Tírélà kan wà lápá ọ̀tún wọn, òmíràn wà lápá òsì. Bàbá àgbà na ọrùn síhìn-ín, ó na án sọ́hùn-ún.

"Ṣé odò náà la ń kọjá yìí?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá àgbà."

"Àwọn tírélà wọ̀nyí ò jẹ́ n rí i." Afárá náà ti tán kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ìyá àgbà rẹ kì í kọjá odò yẹn láì sọ̀ kalẹ̀ bọ́jú níbẹ̀. Ó ní omi rẹ̀ mọ orúkọ òun."

Linnea da ojú fóònù rẹ̀ délẹ̀ lórí itan.

Atẹ́gùn wá dé. Atẹ́gùn South Dakota kì í fẹ́ bí atẹ́gùn lásán, ṣe ló máa ń fi èjìká ti nǹkan. Ó gbá ọkọ̀ gíga náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tírélà kan ń kọjá lọ, táyà iwájú sì bẹ́, pòò! bí ìbọn. Linnea rí i tí ayé yí bìrí. Ife kọfí fò, máàpù fò, díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha mọ́ ara tírélà náà ó sì já dànù. Bàbá àgbà kò pariwo. Ó fi gbogbo ara rẹ̀ di ọwọ́ ọkọ̀ mú títí ọkọ̀ náà fi wọ́ dé etí títì, tó dúró gbọ̀ngbọ̀n lórí koríko.

"Ṣé o wà láàyè, ọmọ mi?"

"Mo wà láàyè."

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Verlin ló fi ọkọ̀ rẹ̀ wá wọ́ wọn lọ sí ọgbà tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe nítòsí. Ó sanra, ó ń jẹ igi ìṣáná lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Bàbá," ló wí bó ti ń tú táyà náà, "ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbé àgbà ọkọ̀ yìí wá ṣe láàárín àwọn wèrè yẹn? Irú èyí, ọ̀nà kékeré ló yẹ ẹ́. Ṣe lẹ dà bí ìgbín tó lọ figẹ̀ wọngẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin."

"Ọ̀nà kékeré la fẹ́ gbà," ni Bàbá àgbà dáhùn. "Wọ́n ti afárá pa lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Mẹ́rìnlélógójì."

Verlin yọ ìṣáná kúrò lẹ́nu. "Afárá wo? Èyí tí mo gbé màlúù gba orí ẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí? Ta ló pa irọ́ yẹn fún yín?"

Ibi tí Linnea dúró sí, ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Bàbá àgbà yíjú sí i. Kò bínú, kò jágbe. Ó kàn wò ó, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà tó rò pé òun mọ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ọkọ̀, ó ṣa máàpù nílẹ̀, ó ká a, ó sì fi sínú àpótí tó wà lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá gbá Linnea létí, ì bá sàn.

Ọgbà Verlin ni wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Linnea bá bàbá àgbà níta, ó jókòó lórí àga aláṣọ, ó ń wo oòrùn tó ń yọ.

"Táyà ti dáa," ni bàbá náà wí. "Jẹun kíá. Títì márosẹ̀ kò jìnnà. Wà á bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kó tó di ọ̀sán."

"Bàbá àgbà, irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò bá mi wí?"

"Tí mo bá bá ẹ wí, ṣé odò á padà wá ni?" Ó mu kọfí díẹ̀. "Linnea, dókítà ti wo ojú mi. Ó ní tí yìnyín bá ti ń bọ́ sílẹ̀ lọ́dún yìí, mi ò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́. Mi ò tíì sọ fún ìyá rẹ. Mo ní kí n wa ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n bọ́jú nínú odò yẹn fún Solveig. Ó pin."

Linnea bú sẹ́kún. "Ẹ jẹ́ ká padà! Ẹ jẹ́ ká padà sí odò náà báyìí!"

"Ọ̀la ni ìgbéyàwó Marit, lílọ bíbọ̀ yẹn á gba gbogbo òní, ojú mi ò sì ríran wakọ̀ lóru mọ́. Tá a bá padà, mo máa pàdánù ọmọ tó wà láàyè nítorí ìyàwó tó ti kú. Solveig fúnra rẹ̀ á lù mí lẹ́ṣẹ̀ẹ́." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Odò ti lọ, ọmọ mi. Jẹ́ kó máa lọ."

Linnea nu ojú rẹ̀. Ó rò ó. Bí odò bá ti lọ, ọ̀nà tó wà níwájú kò tíì lọ. "Ó ku ìdajì ọ̀nà," ni ó wí. "Tá a bá gba gúúsù díẹ̀ láti ibí yìí, a máa bọ́ sójú ọ̀nà yín. Ẹ gbé máàpù fún mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá àgbà gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Tó o bá ń kà á fún mi, etí mi á máa wá irọ́ nínú ẹ̀. Mi ò ní lè ṣe é kó má rí bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo ibi tá a bá dé, ẹ máa bi àwọn èèyàn ibẹ̀ wò. Tí mo bá ṣì yín lọ́nà, ẹ já mi sílẹ̀ síbẹ̀ kí màlúù jẹ mí."

"Màlúù kì í jẹ èèyàn."

"Tèmi á jẹ mí."

Níkẹyìn, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ gbé máàpù náà wá.

Kí wọ́n tó kúrò, Linnea pe Brynlee, ó ní òun ò ní lè wá. "O ya dìndìnrìn!" ni Brynlee kígbe. "Nítorí ọ̀nà oko? Àwọn yòókù á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ ọdún tó ń bọ̀."

"Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀," ni Linnea dáhùn. Ó sì pa fóònù.

Ọ̀nà náà tóóró, kò sì sí ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Ọ̀dàn koríko tẹ́ lọ títí dé ibi tí ojú lè rí mọ. Afẹ́fẹ́ ń sáré lórí rẹ̀, koríko ń dìde, ó ń dùbúlẹ̀, bí irun ara ẹranko ńlá tó ń mí lójú oorun. Òfurufú wá ga débi pé ọkọ̀ wọn dà bí kòkòrò tó ń rìn nísàlẹ̀ igbá. Nígbà tí wọ́n dúró ní abúlé kan láti ra omi, bàbá àgbà bi obìnrin tó ń tajà bóyá lóòótọ́ lọ̀nà náà já. Obìnrin náà ní ó já. Linnea dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́, ojú sì ń tì í, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹ̀tọ́ bàbá náà ni.

Lẹ́yìn abúlé yẹn ni ilẹ̀ já. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe rí lójú Linnea: ọ̀dàn tó ń lọ pẹrẹsẹ kàn ṣàdédé já lulẹ̀, ohun tó sì wà nísàlẹ̀ kò jọ ayé yìí. Òkè lórí òkè, amọ̀ lórí amọ̀, ṣóńṣó wọn mú bí eyín, òjò àti atẹ́gùn ti gbẹ́ wọn láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sí láti fún wọn lórúkọ. Ìlà pupa lọ yí gbogbo wọn ká, ìlà funfun bí eérú tẹ̀ lé e, ìlà tó pọ́n bí ẹ̀yìn ẹyin tẹ̀ lé ìyẹn, bí ẹni pé ọwọ́ kan ló fa gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà.

Bàbá àgbà pa ọkọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Linnea fi ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ó yọ fóònù láti ya àwòrán, ó gbé e sókè, ó wo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó tún wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó sì dá fóònù padà sápò. Àwòrán ò lè gbé e.

"Bàbá àgbà, ẹ̀rù ń bà mí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù burúkú."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni bàbá náà wí. "Irú ẹ̀rù yẹn dáa fún èèyàn. Ó ń jẹ́ kó mọ bí òun ṣe kéré tó, inú ẹ̀ á sì tún dùn."

Wọ́n yà sí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kan tí Linnea rí lórí máàpù. Eruku ń yọ bí èéfín lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n ti gun òkè kan, bàbá àgbà tẹ bíréèkì, ó fún ojú pọ̀.

"Kí ni dúdú dúdú tí mò ń rí lọ́hùn-ún yẹn? Ṣé òjìji ìkùukùu ni?"

Linnea nàró. "Rárá, Bàbá àgbà. Ẹfọ̀n ni. Wọ́n pọ̀! Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa!"

Bàbá àgbà yí ojú sí i. "Ṣé lóòótọ́?"

Nínú ìbéèrè yẹn ni Linnea ti rí gbogbo ohun tó bàjẹ́. Lánàá ni bàbá náà ní ohun tí ojú rẹ̀ bá rí lojú òun rí. Lónìí, ó ń bi í bóyá lóòótọ́ ni.

"Lóòótọ́," ló wí. "Ẹ pa ọkọ̀. Ẹ dúró, ẹ ó rí i fúnra yín."

Bàbá náà pa ọkọ̀. Wọ́n dúró. Ohun tó kọ́kọ́ dé bá wọn ni ìró ilẹ̀, tí ó gba táyà wọlé, tó gba àga, tó dé inú egungun. Lẹ́yìn náà ni agbo ẹfọ̀n náà bo orí òkè. Wọ́n ń bọ̀ bí omi ṣe ń bọ̀, láìkánjú, láìdúró. Orí wọn wúwo, irùngbọ̀n wọn ń gbá ilẹ̀, iké ẹ̀yìn wọn ga ju ferese ọkọ̀ lọ. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn ń sáré láàárín ẹsẹ̀ ìyá wọn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Linnea rìn jìnnà, ó rí abuké ẹfọ̀n, agbo rẹpẹtẹ.

Wọ́n yí ọkọ̀ náà ká. Akọ ńlá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ferese bàbá àgbà, ó fi ara yún ara ọkọ̀, gbogbo ilé náà sì ń mì, ìkòkò ń dún lórí sítóòfù. Èémí rẹ̀ bo gíláàsì. Ojú rẹ̀ dúdú, ó jinlẹ̀, kò bínú, kò yọ̀. Ó wo bàbá náà bí àgbà ṣe ń wo àgbà.

Bàbá àgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ lé gíláàsì. Omijé ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀, kò sì nù ún.

"Láti ọdún tí mo ti ń gba ọ̀nà yìí," ló wí, "wọn ò tíì sún mọ́ mi báyìí rí. Solveig, ṣé o rí i?" Kò gbé ọwọ́ kúrò lára gíláàsì títí ẹran náà fi lọ. Lẹ́yìn náà, ó wá ọwọ́ Linnea, ó dì í mú. "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi."

Linnea sunkún ju bó ti sunkún láàárọ̀ lọ. Wọn kò lè lọ síwájú, wọn kò lè padà sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Wọ́n jókòó láàárín àwọn ẹranko náà títí èyí tó gbẹ̀yìn, abo kan tó ń tiro, fi kọjá, tí eruku fi rọlẹ̀, tí koríko fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde padà.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé Rapid City. Nígbà tí Brynlee àti àwọn yòókù yà wá kí Linnea níbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ kejì, wọ́n bi í léèrè kí ló rí lọ́nà oko rẹ̀. Ó ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, ó rí i pé kò yé wọn, ó sì jókòó jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Kí yìnyín ọdún náà tó bọ́, Torvald Haugen fi ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò gba ọ̀nà yẹn mọ́, kò sì bọ́jú nínú odò Missouri mọ́ títí dòní. Ó ti dárí ji Linnea tipẹ́tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń ní kó ka ìwé ìròyìn fún òun, kì í sì í bi í mọ́ bóyá lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Linnea mọ̀ pé ìdáríjì kò dá odò padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kó yé yín. Ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ kó tó tán, ṣùgbọ́n irọ́ tí a bá pa nítorí rẹ̀ lè gba ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí rà padà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Linnea kò tilẹ̀ rin ọjọ́ kan tán. Bí ẹnì kan bá sì gbé ojú ara rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ pé kí o máa bá òun ríran, ohun tí o bá rí gan-an ni kí o sọ fún un.